ÒRÓRÓ NÍNÚ Ẹ́ŃJÌNNÌ DÍSẸ̀LÌ: ṢÉ ÒTÍTỌ́ NI?

 

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí jẹ yọ láti inú ìbéèrè tí ọmọ kíláàsì wa kan bi mí. Bàbá ọmọ náà ní ọkọ̀ akẹ́rù 911 àtijọ́ kan tó fi ń kó pákó. Láti ọdún 2022, nígbà tí owó dísẹ̀lì fò sókè ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọdún kan ṣoṣo, iṣẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ mówó wọlé mọ́. Ìyá ọmọ náà ń dín àkàrà tà. Òróró tó bá ti fi dín àkàrà títí tí ó fi dúdú, ńṣe ló máa ń dà á nù. Ọmọ yìí wá gbọ́ pé àwọn kan ń fi òróró wa ọkọ̀ ní ìlú òyìnbó. Ó ní, "Ùsítáàsì, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá sẹ́ òróró ìyá mi, tí mo sì rọ ọ́ sínú táǹkì ọkọ̀ bàbá mi láì tíì sọ fún wọn, ṣé ọkọ̀ náà yóò ṣiṣẹ́?"

Mo ní, "Yóò ṣiṣẹ́, yóò sì bàjẹ́. Má tíì rọ ọ́ o."

Inú mi dùn sí i pé ó béèrè, nítorí ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó bá jọ ohun ni a fi ń wé ohun, èpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Òróró jọ dísẹ̀lì lójú, ó sì ń jó bíi ti dísẹ̀lì, ṣùgbọ́n jíjọra kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí á tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná

Ẹ́ńjìnnì tó ń lo bẹntiróòlù ní púlọ́ọ̀gì. Púlọ́ọ̀gì yìí ló ń ṣáná sí epo àti afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó gbiná. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kò ní irú púlọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ni písítìnnì rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ fún pọ̀. Ẹ̀yin ọmọ tó ti fi pọ́ǹpù fẹ́ taya kẹ̀kẹ́ tàbí bọ́ọ̀lù rí, ẹ ó rántí pé ìdí pọ́ǹpù náà máa ń gbóná. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èyí rí, àfi pé ti ẹ́ńjìnnì ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Afẹ́fẹ́ tó gba àyè bíi 18 ni a ó tẹ̀ di àyè 1, ooru rẹ̀ yóò sì kọjá 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìgbà náà ni nọ́súù yóò wá fín epo sínú rẹ̀ bí ìkùukùu, tí epo náà yóò sì gbiná fúnra rẹ̀.

Rudolf Diesel ni orúkọ ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì yìí kalẹ̀. Ìlú Paris ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1858, ìlú Augsburg ní ilẹ̀ Jámánì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ti ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọdún 1897. Ní ọdún 1900, níbi àfihàn ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Paris, wọ́n fi òróró ẹ̀pà wa ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí wọ́n ṣe ní ìlànà rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ geerege, débi pé ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀ pé òróró ni. Ìjọba Faransé ló fẹ́ kí wọ́n dán an wò, nítorí ẹ̀pà pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń ṣàkóso nígbà náà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà gbọ́ kì í ṣe irọ́. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì ti kọ́kọ́ mu òróró.

2. Kí ló dé tí òróró lásán fi ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́?

Ìdí pàtàkì ni pé òróró ki ju dísẹ̀lì lọ. Bí a bá wọn àwọn méjèèjì nígbà tí ooru wọn jẹ́ 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kíki òróró tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ti dísẹ̀lì. Ẹ fi wé omi àti ògì tó ti jinná. Inú ike kan náà ni ẹ lè rọ àwọn méjèèjì sí, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú àtifi ihò abẹ́rẹ́ fín wọn, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Ihò ẹnu nọ́súù kò sì tóbi. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé, kò ju ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà lọ. Aburú mẹ́ta ló ń ti ibẹ̀ wá:

(i) Nọ́súù kò ní lè fín òróró bí ìkùukùu mọ́. Yóò máa tò ó bí ẹ̀kán. Ẹ̀kán ńlá kì í jó tán. Èyí tí kò jó tán yóò di èédú, yóò sì lẹ̀ mọ́ ẹnu nọ́súù àti orí písítìnnì.

(ii) Òróró tí kò jó yóò máa ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì písítìnnì lọ sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, yóò di ọ̀dà. Ọ́ìlì yóò dì, kò ní lè máa yí ká bó ti yẹ, irin yóò sì máa ha irin.

(iii) Pọ́ǹpù tó ń ti epo yóò máa ṣe iṣẹ́ tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Àwọn ọkọ̀ dísẹ̀lì tuntun ni èyí máa ń pa jù, nítorí agbára tí pọ́ǹpù wọn fi ń ti epo ju ìlọ́po 500 agbára afẹ́fẹ́ inú taya ọkọ̀ kékeré lọ. Irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ohun tó ki, kò sì fẹ́ ìdọ̀tí.

Gbogbo èyí kì í ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ibi tí ẹ̀tàn wà nìyẹn. Lọ́jọ́ tí a bá rọ òróró sí i, ọkọ̀ yóò máa lọ, èéfín rẹ̀ yóò máa ta sánsán bí ilé alákàrà, awakọ̀ yóò sì rò pé òun ti rí ọ̀nà àbáyọ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì yóò tó dákú, mẹkáníìkì yóò sì béèrè owó tó ju gbogbo èyí tí a fi pa mọ́ lọ.

Ǹjẹ́ kò sí ẹni tó ń lo òróró lásán tó sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀? Ó wà, pàápàá ní ilẹ̀ Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọ́n kàn rọ ọ́ sí i. Wọ́n máa ń fi táǹkì kejì sínú ọkọ̀. Dísẹ̀lì ni wọ́n fi ń ṣáná sí ọkọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, wọ́n á fi omi gbígbóná tó ń jáde lára rẹ̀ mú òróró gbóná dé nǹkan bíi 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí kíki rẹ̀ lè dín kù, kí wọ́n tó yí i sí òróró. Kí wọ́n tó pa ọkọ̀, wọ́n á tún yí i padà sí dísẹ̀lì kí òróró má bàa dì sínú páìpù. Ọkọ̀ àtijọ́ tí pọ́ǹpù rẹ̀ lágbára ni wọ́n sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni.

3. Bí òróró ṣe ń di báyódísẹ̀lì

Ọ̀nà kejì ni pé kí á má ṣe tún ọkọ̀ ṣe, kí á tún òróró fúnra rẹ̀ ṣe, kí ó má ki mọ́. Ohun tí a bá rí lẹ́yìn iṣẹ́ náà ni wọ́n ń pè ní báyódísẹ̀lì. Níhìn-ín ni kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè Lárúbáwá wa ti tẹ́tí sílẹ̀, nítorí ohun méjì ni a fi ń ṣe é yàtọ̀ sí òróró, inú èdè tí ẹ ń kọ́ ni orúkọ méjèèjì sì ti jáde.

Èkíní ni alkali. Láti inú al-qaly ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni eérú àwọn ewéko kan tó ń hù ní ilẹ̀ oníyọ̀. Èkejì ni alcohol. Láti inú al-kuḥl ni ó ti wá, ìyẹn tìróò tí à ń lé sójú. Àwọn òyìnbó kọ́kọ́ ń fi orúkọ náà pe ìyẹ̀fun tó kúnná jù lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi pe ohunkóhun tí a bá yọ́ mọ́ títí tó fi ku kìkì ògidì rẹ̀, títí ó fi di orúkọ ohun tó ń jáde nígbà tí a bá sè ọtí tí a sì gba oruku rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ fojú inú wo àgbò mẹ́ta tí a so mọ́ èèkàn kan ṣoṣo. Wọn kò lè rìn jìnnà, bí agbo wọn bá sì pọ̀, wọn yóò lọ́ mọ́ ara wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òróró rí. Ìrù gígùn mẹ́ta ló so mọ́ èèkàn kan, orúkọ èèkàn náà sì ni gílísẹ́ríìnì. Ìdí nìyí tí òróró fi ki. Alkali ni yóò tú okùn náà. Bí ó ti ń tú u ni alcohol kékeré kan yóò so mọ́ ìrù kọ̀ọ̀kan. Àgbò mẹ́ta yóò wá dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èèkàn yóò sì ṣubú sísàlẹ̀. Àwọn ìrù tó dá dúró yìí ni báyódísẹ̀lì, kíki wọn sì ti sún mọ́ ti dísẹ̀lì. Gílísẹ́ríìnì wúwo jù ú lọ, nítorí náà yóò rìn lọ sí ìdí ike, a ó sì fa epo tó wà lókè kúrò lórí rẹ̀. Methanol ni alcohol tí wọ́n sábà máa ń lò. Bí òróró bá jẹ́ 100 lítà, wọ́n máa ń lo methanol tó nǹkan bí 20 lítà, báyódísẹ̀lì tí wọ́n sì ń rí máa ń sún mọ́ 100 lítà.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń se ọṣẹ, iṣẹ́ yín ni à ń sọ yìí o! Nígbà tí ẹ bá sun èèpo kòkó, tí ẹ sẹ́ omi eérú rẹ̀, tí ẹ sì sè é pọ̀ mọ́ àdín tàbí epo pupa, okùn kan náà ni ẹ ń tú. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nínú ọṣẹ, alkali fúnra rẹ̀ ló ń so mọ́ ìrù náà. Nínú báyódísẹ̀lì, alkali kan ń tú okùn ni, alcohol ló ń so mọ́ ọn.

Nítorí náà, omi ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Bí omi bá wà nínú òróró, tàbí bí òróró náà bá ti pẹ́ tó sì ti kan, ọṣẹ ni yóò dà dípò epo ọkọ̀. Òróró alákàrà sì rèé, omi ẹ̀wà ló ń kán sínú rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ojú lásán kò lè sọ òróró tó ní omi nínú. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń kọ́kọ́ sè é kí omi rẹ̀ gbẹ, wọ́n á sì wọn bí ó ti kan tó. Lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n á bu epo náà àti omi sínú ìgò, wọ́n á mì ín pọ̀. Bí omi àti epo bá tètè yà kúrò lára wọn, tí omi náà mọ́, epo dára. Bí ó bá funfun bíi wàrà tí kò sì yà, ọṣẹ ṣì wà nínú rẹ̀, irú epo bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dé inú táǹkì.

4. Ewu tó wà nínú ṣíṣe é nílé

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Methanol jọ ọtí líle lójú àti ní òórùn, ṣùgbọ́n májèlé ni. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá wọ inú ènìyàn lè fọ́ ọ lójú, ó sì lè pa á. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì lẹ́yìn tí ojú wọn kọ́kọ́ ṣókùnkùn. Àwọn kan ń pè é ní àrùn àràmàǹdà. Nígbà tí a wádìí rẹ̀, methanol tó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu ni. Ó ju ènìyàn 15 lọ tó kú. Kì í ṣe mímu nìkan ni ó fi ń pa ènìyàn. Ó ń gba awọ ara wọlé, èéfín rẹ̀ náà sì léwu. Ó máa ń tètè gbiná, a kì í sì fi bẹ́ẹ̀ rí iná rẹ̀ lójú ọ̀sán. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sè é nínú ilé ìdáná.

Alkali tí wọ́n sábà ń lò ni kọ́sítíìkì sódà. Ẹ̀kán rẹ̀ kan lè ba ojú jẹ́ títí ayé. Bí ó bá ta sí ojú ọmọ, omi tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i láì dúró, fún bí ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi epo pupa tàbí àdín sí i.

Gílísẹ́ríìnì tó kù nísàlẹ̀ ńkọ́? Methanol àti alkali ṣì wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a ń pò mọ́ ìpara. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì tí a fi ra methanol kò gbọdọ̀ padà di kẹ́ẹ̀gì omi tàbí ti òróró jíjẹ láé.

5. Ibi tí wọ́n ti ń lò ó

Kì í ṣe nǹkan àná. Ní ọdún 1937, ọ̀mọ̀wé kan ní yunifásítì Brussels ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, G. Chavanne, gba ìwé àṣẹ lórí bí a ṣe lè fi alcohol sọ epo pupa di epo ẹ́ńjìnnì. Ní ọdún 1938, bọ́ọ̀sì èrò kan ń fi irú epo bẹ́ẹ̀ ná ọ̀nà Brussels sí Louvain. Epo pupa tí wọ́n lò, ilẹ̀ Kóńgò ni wọ́n ti kó o wá. Ẹ rí i pé láti ọwọ́ ẹ̀pà ọdún 1900 dé ọwọ́ epo pupa ọdún 1938, irè oko Áfíríkà ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ náà.

Lónìí, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń pò ó mọ́ dísẹ̀lì. Ní Bràsíl, láti oṣù kẹjọ ọdún 2025, òfin ní kí ìdá 15 nínú 100 dísẹ̀lì jẹ́ báyódísẹ̀lì, ẹ̀wà sóyà ni wọ́n sì fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ní Indonesia, epo ọ̀pẹ ni wọ́n ń lò, wọ́n sì gbé e dé ìdá 40 nínú 100 ní ọdún 2025. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, dísẹ̀lì tí wọ́n ń tà ní ilé epo lè ní tó ìdá 7 nínú 100. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2007, ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó 2,500 lítà lọ́dún kò ní san owó-orí epo lórí rẹ̀.

Báyódísẹ̀lì tó bá dára ní àǹfààní. Èéfín dúdú rẹ̀ kéré sí ti dísẹ̀lì, kò sì tètè gbiná níta bíi ti dísẹ̀lì, nítorí náà ó rọrùn láti tọ́jú pa mọ́. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù tirẹ̀. Agbára inú lítà kan rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá dín sí ti dísẹ̀lì, nítorí náà ọkọ̀ yóò mu díẹ̀ sí i. Ó ń jẹ páìpù rọ́bà àtijọ́. Ó sì máa ń fọ ìdọ̀tí inú táǹkì tó ti pẹ́, ìdọ̀tí náà yóò sì lọ dí fítà, nítorí náà ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè pààrọ̀ fítà. Èyí tí a fi epo ọ̀pẹ ṣe máa ń dì nínú òtútù. Kò ṣòro lò ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, àmọ́ yóò dì nínú táǹkì lásìkò òtútù ní London.

6. Ṣé kí á jẹ ẹ́ ni, àbí kí ọkọ̀ jẹ ẹ́?

Ìbéèrè yìí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Títí di àwọn ọdún 1960, orílẹ̀-èdè wa ló ń ṣe epo pupa jù lọ láyé. Lónìí, Indonesia àti Malaysia ló ṣíwájú, a sì ń ra kún tiwa láti òkèèrè. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá wá ń bá wa du epo tí a fi ń se ọbẹ̀, owó tálákà ni yóò kọ́kọ́ tán. Nítorí náà, òróró tó yẹ kí á kọ́kọ́ wò ni èyí tí a ti lò tán, tí kò dára fún jíjẹ mọ́. Dídà á sínú gọ́tà ń dí ojú omi. Títà á fún ẹni tó ń yọ́ ọ mọ́ padà fún jíjẹ sì ń ba ara ènìyàn jẹ́. Bí àwọn alákàrà àdúgbò bá lè máa kó o jọ sínú ike tó mọ́, kí omi má wọ̀ ọ́, yóò di ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà lè rà.

Ìdáhùn tí mo fún ọmọ náà

Lẹ́yìn tí a ti jọ sọ gbogbo èyí, mo ní, "Ọmọ mi, òótọ́ ni ohun tí o gbọ́, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Ẹ́ńjìnnì náà lè lo òróró, àmọ́ òróró ìyá rẹ kò tíì di epo ọkọ̀. Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ìmọ̀. Ọkọ̀ yẹn ni oúnjẹ ilé yín. Má fi dán ohun tí o kò tíì kọ́ tán wò, má sì ṣe nǹkan sí i lẹ́yìn bàbá rẹ."

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ùsítáàsì, kẹ́mísírì ni kí n lọ kọ́ nìyẹn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá béèrè irú ìbéèrè báyìí, ẹ má lé e dànù. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

(1) Kí ló ń mú kí epo gbiná nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì nígbà tí kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná?
(2) Sọ aburú mẹ́ta tí òróró lásán ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì.
(3) Inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá wo ni alkali àti alcohol ti jáde? Kí ni ìtumọ̀ wọn?
(4) Kí ni ìyàtọ̀ láàárín bí òróró ṣe ń di ọṣẹ àti bí ó ṣe ń di báyódísẹ̀lì? Kí ló dé tí omi fi jẹ́ ọ̀tá iṣẹ́ náà?
(5) Bí kọ́sítíìkì sódà bá ta sí ojú àbúrò rẹ, kí ni ìwọ yóò kọ́kọ́ ṣe?